Ìdánwò Oṣù Kẹjọ

Bí ẹ bá bi àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá fọ́líbọ́ọ̀lù ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Plum Creek pé ta ló kọ́ wọn ní ọgbọ́n Oṣù Kẹjọ, wọ́n á ní àwọn bá a nílẹ̀ ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Tatum Kucera náà bá a nílẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló mú un lé Willa Novotny lọ́wọ́, ohun tó sì tìdí rẹ̀ yọ, ìṣojú gbogbo wa ló ṣe ní Nebraska níbí.

Bí ọgbọ́n náà ṣe rí nìyí. Ní Oṣù Kẹjọ, kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ilé ìwé máa ń mú gbogbo wọn jókòó síwájú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ á fi ọ̀rọ̀ hàn wọ́n, á ní kí wọ́n rántí wọn. Á fi àwọ̀ hàn wọ́n, á ní kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì kíá. Iye tí ọmọ bá gbà ni wọ́n máa tọ́jú, pé bí orí rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn nígbà tí ara rẹ̀ le. Bí bọ́ọ̀lù bá wá gbá a lórí lọ́jọ́ kan, wọ́n á tún mú un jókòó síbẹ̀, wọ́n á fi tuntun wé ti àtijọ́. Bí tuntun bá kéré, kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí ọpọlọ tó mì fi máa padà sípò. Ohun tó dára ni, mi ò rí àbùkù kankan níbẹ̀. Àwọn ọmọ yìí ló wá rò ó títí, wọ́n ní bí àwọn bá mọ̀ọ́mọ̀ gba díẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ ńkọ́? Bí orí bá fọ́ lẹ́yìn náà, ta ló máa mọ̀?

Wọ́n pe ìyẹn ní ọgbọ́n. Ẹ dákun, ọgbọ́n wo ló wà nínú kéèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba òṣùwọ̀n ara rẹ̀ jẹ́? Ṣùgbọ́n ọmọdé ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Kò sí nǹkan mìíràn lọ́kàn wọn.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Tatum ni balógun ikọ̀, ọdún ìkẹyìn rẹ̀ nílé ìwé sì ni. Willa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ọmọ oko tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ní ìka gígùn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dúró létí àwọ̀n, kó máa fi orí ìka gbé bọ́ọ̀lù sókè, kí Tatum tàbí ẹlòmíì wá fò, kó gbá a mọ́lẹ̀ sódìkejì. Ẹni tó bá wà nípò yẹn, orí ló fi ń ṣe é ju ọwọ́ lọ, orí Willa sì ń bani lẹ́rù. Bó bá wo fídíò ikọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan péré, á sọ ibi tí oníkálukú wọn máa ń dúró sí fún ọ, á sọ ẹni tó máa ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó tó fò. Ó mọ orúkọ ìyá àgbà gbogbo ọmọ inú ikọ̀, nítorí pé oníkálukú ti dárúkọ tirẹ̀ rí nídìí oúnjẹ.

Tatum mú un jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Greer wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn, ọmọ gíga tó máa ń dúró sí àárín àwọ̀n, ọ̀rẹ́ Tatum láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ dé.

"Má ṣe é jù o," ni Tatum wí. "Tó o bá kùnà jù, ẹ̀rọ máa mọ̀ pé o ń ṣeré, wọ́n á ní kó o tún un ṣe. Gbàgbé ọ̀rọ̀ kan níbí, gbàgbé òmíì lọ́hùn-ún. Tí àwọ̀ bá yọ, kọ́kọ́ mí sínú kó o tó tẹ̀ ẹ́."

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbàgbé nǹkan," ni Willa wí. Kì í ṣe pé ó ń fọ́nnu. Bó ṣe rí ló sọ.

Greer bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu! Ọ̀jọ̀gbọ́n ti wọlé."

"Ó máa mọ́ ẹ lára," ni Tatum wí, ó sì gbá a léjìká pẹ̀lẹ́.

Nígbà tí Willa jáde síta lẹ́yìn ìdánwò náà, ojú rẹ̀ ò mọ́lẹ̀. Ó ní ó dà bíi pé òun parọ́. Tatum ní kì í ṣe irọ́, eré ni, gbogbo wọn ló ṣe é, àti pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Ọmọ náà gbà. Ta ni ò ní gba ọ̀rọ̀ balógun rẹ̀ gbọ́?

Nígbà tí Oṣù Kọkànlá máa fi dé, àgbàdo ti kúrò lóko, ikọ̀ Plum Creek sì ti na gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ládùúgbò. Wọ́n pè wọ́n sí ìdíje ńlá tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn sáà, èyí tó jẹ́ pé bí ikọ̀ kan bá ti pàdánù lẹ́ẹ̀kan, ilé ló ń lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n dárúkọ wọn, àwọn ọmọ náà fò mọ́ ara wọn nínú ilé oúnjẹ títí tábìlì fi dojú dé. Ìlú wa ò rí irú ẹ̀ rí. Wọ́n kun orúkọ ikọ̀ sára àká àgbàdo tó wà lẹ́bàá rélùwéè, obìnrin tó ń ta páì sì ní òun ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn mọ́ títí wọ́n fi máa lọ.

Tatum lọ̀rọ̀ náà ká lára jù. Láti kékeré rẹ̀ ni bàbá àgbà rẹ̀ ti ta okùn sáàárín òpó méjì nínú ilé tí wọ́n ń gbé katakata sí. Ibẹ̀ ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ òtútù, títí apá rẹ̀ á fi pọ́n. Ó sì mọ̀ pé ó ti fẹ́ tán. Kò ga tó ẹni tí wọ́n máa ní kó wá gbá bọ́ọ̀lù jẹun níbòmíì. Bí sáà yìí bá ti parí, ó di kó lọ máa kọ́ àwọn ọmọ kékeré níwèé, kó máa sọ fún wọn pé òun náà gbá bọ́ọ̀lù rí. Gbogbo ohun tó fẹ́ láyé lákòókò yẹn ni kí wọ́n borí nínú ìdíje yìí, bó ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré, kó lè ní nǹkan tó máa mú lọ sílé.

Ikọ̀ kan láti Iowa ni wọ́n máa kọ́kọ́ bá pàdé. Ọmọ kan wà nínú wọn tó ń fi ọwọ́ òsì gbá a, ó le bí òkò, kò sì sí ọmọbìnrin kankan ní Plum Creek tó lè ṣe bíi tirẹ̀ kí wọ́n lè fi kọ́ra. Kóòṣì Rudd bá lọ ṣe ohun tí gbogbo kóòṣì ń ṣe: ó pe àwọn ọmọkùnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì tó máa ń gbá bọ́ọ̀lù fún ìgbádùn, ó ní kí wọ́n wá dúró bí ọ̀tá. Ọ̀kan nínú wọn ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ọlọ́wọ́ òsì ni, apá rẹ̀ sì tó itan àwọn ẹlòmíì.

"Má fojú àánú wò wọ́n," ni Kóòṣì wí fún un. "Ọmọ Iowa yẹn ò ní ṣàánú."

Ọmọkùnrin náà ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ ìdíje náà, ó fò sókè, Greer àti Tatum náà fò láti dí i, bọ́ọ̀lù gba àárín ọwọ́ wọn kọjá, ó sì bá Willa ní ẹ̀bátí. Ó dún débi pé ẹni tó ń nu ilẹ̀ lápá òkè gbọ̀ngàn dúró wò. Willa rọra jókòó sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ìjókòó lọ̀. Ọmọkùnrin náà sáré wá, ó ń bẹ̀bẹ̀, ojú rẹ̀ ti funfun.

"Kò sí nǹkan," ni Willa wí. "Ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ." Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó sì lọ dúró sódìkejì àwọ̀n, láàárín àwọn ọkùnrin.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Willa náà rẹ́rìn-ín nígbà tó rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kóòṣì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó lọ bá Pam, obìnrin tó ń tọ́jú ara àwọn eléré.

Lọ́jọ́ kejì Pam mú un jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Tatum kò lè gbá bọ́ọ̀lù kankan dáadáa láàárọ̀ ọjọ́ náà, ojú rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá, Pam jáde wá bá Kóòṣì.

"Kò sí wàhálà," ni Pam wí. "Ohun tó gbà lónìí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Oṣù Kẹjọ mu gẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀, lẹ́yìn náà ó lè gbá a."

"Tó o bá ti ní ara rẹ̀ yá, ara rẹ̀ yá nìyẹn," ni Kóòṣì wí, ó sì mí kanlẹ̀.

Inú Tatum dùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ọgbọ́n ti ṣiṣẹ́! Ó wá Willa lọ sí ilé oúnjẹ, ó bá a nídìí ọbẹ̀ ẹ̀wà aláta àti búrẹ́dì sínámọ́nì tí wọ́n máa ń fún wọn bí òtútù bá ti mú. Willa ti fa fìlà bojú nítorí pé iná òrùlé ń yọ ọ́ lẹ́nu.

"Orí ẹ pé gan-an," ni Tatum wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "O mọ̀ ọ́n ṣe. Ó bá ti tẹ́lẹ̀ mu wẹ́kú."

"Mo mọ kí ni ṣe?"

"Nǹkan wa yẹn. Àwọn ọ̀rọ̀ tó o gbàgbé. O gbàgbé wọn níwọ̀n."

Willa gbé ṣíbí sílẹ̀. "Mi ò ṣeré kankan lónìí, Tatum. Gbogbo agbára mi ni mo fi ṣe é."

Kò pẹ́ kó tó yé Tatum, kì í ṣe òpè. Bí Willa bá fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣe é lónìí, tí ohun tó gbà kò sì ju ohun tó gbà nígbà tó ń díbọ́n lọ, a jẹ́ pé nǹkan ti bàjẹ́ nínú orí ọmọ yìí. Ẹ̀rọ ò lè mọ̀. Pam ò lè mọ̀. Nínú gbogbo ayé, Tatum nìkan ló jókòó síbẹ̀ tó mọ̀.

"Ṣé ó burú ni?" ni Willa bi í. "Wọ́n ní ara mi ti yá."

"Ara ẹ ti yá," ni Tatum wí. "Jẹ búrẹ́dì ẹ."

Ó lọ bá Greer. Ó fẹ́ kí Greer sọ pé kó lọ jẹ́wọ́, àbí ó fẹ́ kó sọ pé kó má lọ, òun fúnra rẹ̀ ò mọ èyí tó fẹ́. Greer ń fi yìnyín sórí orúnkún nígbà yẹn.

"Má dá sí i," ni Greer wí. "Tó o bá sọ ti Willa, wọ́n á bi ẹ́ pé ta ló kọ́ ọ. Wọ́n á ní kí gbogbo wa tún ìdánwò ṣe. Wọ́n tiẹ̀ lè ní kí ikọ̀ má lọ mọ́. Ṣé ohun tó o fẹ́ nìyẹn?"

"Tó bá ṣe é léṣe ńkọ́?"

"Ó ń rìn, ó ń jẹun, ó ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìdíje kó sùn títí di Kérésìmesì, ta ló máa jí i? Tatum, láìsí Willa, ta ló máa gbé bọ́ọ̀lù fún ẹ? Ṣé Paige?"

Paige tí ó ń wí ni ọmọ tó máa ń rọ́pò Willa. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó bá gbé kì í dé ibi tó ń lọ. Tatum mọ̀ pé pẹ̀lú Paige, wọn ò ní gba ìpele kan ṣoṣo nínú eré náà lọ́wọ́ àwọn ọmọ Iowa.

Síbẹ̀ ó lọ. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà Pam, ó dúró. Pam gbójú sókè láti ìdí tábìlì rẹ̀.

"Ṣé kò sí nǹkan, Tatum?"

Tatum la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, ó ti dé orí ahọ́n. "Ìka mi ni," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi téèpù dì í."

Kò sí ohun tó ṣe ìka rẹ̀. Pam fa àga sún mọ́ ọn, ó di ìka náà fún un jẹ́jẹ́, ó ń sọ fún un bí inú gbogbo ìlú ṣe dùn, pé ọkọ òun ti ra aṣọ aláwọ̀ ikọ̀. Tatum dúpẹ́, ó jáde. Ó fi téèpù yẹn sí ọwọ́ títí wọ́n fi lọ, nítorí pé bó bá tú u, Pam á bi í léèrè. Ẹ wo bí ènìyàn ṣe ń ta ẹnìkejì rẹ̀. Kò ní ariwo nínú rárá.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn lọ, Willa jókòó ti Tatum, ó di ojú.

"Ọwọ́ wo ni ọmọ yẹn fi ń gbá a?" ló bi í.

"Òsì."

Wọ́n kọjá oko tí wọ́n ti kórè, wọ́n kọjá odò, wọ́n wọ Iowa.

"Tatum, ọwọ́ wo ni ọmọ yẹn fi ń gbá a?"

Tatum yíjú sí i. "Òsì, Willa. Ṣebí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí ni."

"Mo mọ̀. Mo kàn ń dán ẹ wò ni."

Ọmọ tó lè ka fídíò odindi eré látorí. Tatum gba èsì yẹn mọ́ra nítorí pé òun ló wù ú kó gbọ́. Ó kọjú sí fèrèsé títí wọ́n fi dé.

Eré náà le. Gbọ̀ngàn kún, àwọn ará ìlú wa ti wakọ̀ wá, ohùn ti há mọ́ wọn lọ́fun. Ọwọ́ Willa ṣì mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí orí rẹ̀ ò tilẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́. Bọ́ọ̀lù ń lọ sókè láti orí ìka rẹ̀, ó ń dúró fún Tatum lójú òfuurufú bí èso tí wọ́n ní kí ó wá já. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á gbé e sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni, Kóòṣì á ké orúkọ rẹ̀, á ní "ẹ má bínú", á tún dára. Tatum kì í wo ojú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ló ń wò.

Wọ́n gba ìpele, wọ́n pàdánù ìpele, ó di ìpele ìkẹyìn tó máa yanjú ọ̀rọ̀. Àmì kan ṣoṣo ló kù kí Plum Creek borí. Ọlọ́wọ́ òsì Iowa yẹn gbá a, Greer fi ọwọ́ kàn án, bọ́ọ̀lù fò lọ sẹ́yìn, ẹnì kan gbà á, Willa sáré lọ sábẹ́ rẹ̀. Ibi tó dúró sí kò dára rárá. Ó yí ẹ̀yìn padà sí Tatum, kò tilẹ̀ wò ó, ó sì gbé e gba orí ara rẹ̀ sẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù náà bá Tatum níbi tó wà gẹ́lẹ́. Tatum gbá a mọ́lẹ̀. Fèrè dún.

Wọ́n borí.

Kí ni àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí máa ń ṣe bí wọ́n bá borí? Wọ́n máa ń ṣubú lé ara wọn lórí ni, gbogbo wọn, títí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Ibi tí Willa wà ni gbogbo wọn sá lọ, nítorí pé òun ló gbé bọ́ọ̀lù ìkẹyìn. Tatum ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fò mọ́ ọn, wọ́n jọ ṣubú, Tatum gbọ́ tí orí ọmọ náà kan pákó ilẹ̀, ṣùgbọ́n Greer ti wà lórí wọn, Paige ti wà lórí Greer, gbogbo wọn ń kígbe, gbogbo wọn ń sunkún ayọ̀. Nígbà tí wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, Willa wà nílẹ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo iná òrùlé tó máa ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò ṣẹ́jú.

Lọ́jọ́ kejì ikọ̀ mìíràn nà wọ́n bí ẹni na ọmọ ọwọ́. Kò sẹ́ni tó rántí eré náà mọ́ nílùú wa.

Willa kò kú. Wọ́n dá a padà sí oko ìyá rẹ̀ lẹ́yìn tí ilé ìwòsàn ti ṣe ohun tó lè ṣe, ilé ìwé sì ń sanwó fún obìnrin kan tó ń wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kàwé padà. Tatum kò lọ wò ó. Ó fi káàdì ránṣẹ́, ó fi òdòdó ránṣẹ́, ó ní ìdánwò ni kò jẹ́ kóun ráyè. Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, Ìyáàfin Novotny, ìyá Willa, pè é lórí fóònù, ó ní kó wá jẹun. Kò sí irọ́ mìíràn tó kù lẹ́nu Tatum. Ó lọ.

Willa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gé ọ̀dùnkún fún gbíngbìn. Ó ti sanra díẹ̀. Ó dì mọ́ Tatum, ó sì dùn mọ́ ọn gan-an láti rí i.

"Ṣé a borí?" ló bi í.

"A borí. Ìwọ lo gbé bọ́ọ̀lù ìkẹyìn."

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún mi," ni Willa wí, ó sì padà sídìí ọ̀dùnkún rẹ̀.

Nínú ilé ìdáná, ìyá rẹ̀ gbé kọfí síwájú Tatum. Obìnrin tó máa ń dá nìkan wa katakata ni, ọwọ́ rẹ̀ sì le.

"Ọmọ mi," ló wí, "ẹ jọ wà pọ̀ lójoojúmọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi pè ọ́. Wọ́n tún mú Willa jókòó síwájú ẹ̀rọ yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní ó ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ kó tó fara pa. Wọ́n ní ara rẹ̀ ti yá, pé obìnrin tó ń wá kọ́ ọ kò ní wá mọ́, iṣẹ́ wọn ti parí. Ọmọ tó ń ka ojú ìwé kan títí tó fi ń sunkún! Ó gbàgbé orúkọ ajá wa. Tatum, ṣé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn? Àbí èmi ni mi ò mọ ọmọ tí mo bí?"

Tatum wo kọfí náà. Ó rí i pé kò sí téèpù tó lè fi bo èyí.

"Ẹ mọ ọmọ yín," ló wí. "Bó ṣe wà kọ́ nìyẹn." Ó sì sọ ọ́. Ó sọ ti yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, ó sọ ti ọbẹ̀ àti búrẹ́dì, ó sọ pé òun dúró lẹ́nu ọ̀nà Pam. Ó sọ ti ìka tí kò ṣe nǹkan kan. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyáàfin Novotny kò fún un ní nǹkan láti fi nù ún.

Nígbà tó parí, obìnrin náà gbé ife kọfí kúrò níwájú rẹ̀, ó da á sínú sínkì, ó sì fọ ife náà.

"Ìwọ lo mọ̀, o sì jẹ́ kó wọ bọ́ọ̀sì," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Lọ sọ fún wọn nílé ìwé. Bí o ṣe sọ ọ́ fún mi yẹn gan-an ni kó o sọ ọ́." Kò pè é lọ́mọ mi mọ́.

Tatum lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa rẹ̀, lọ́jọ́ yẹn kò sá. Wọ́n kó ara wọn jọ nínú yàrá kan, ọkùnrin tó ń bójú tó eré ìdárayá, Kóòṣì Rudd, Pam, àti agbẹjọ́rò ilé ìwé tí kò bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Pam fi ọwọ́ bo ẹnu. Kóòṣì ń wo tábìlì.

Wọ́n ní kí wọ́n pe àwọn yòókù wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n bi wọ́n. Paige ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Òmíràn ní òun ṣe ìdánwò tòun bó ṣe yẹ. Gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sọ ọ́, nítorí pé ẹni tó bá ní òun díbọ́n, bóyá ni wọ́n á jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún tó ń bọ̀. Greer ló wọlé kẹ́yìn. Òun náà ń parí ilé ìwé, kò ní bọ́ọ̀lù kankan láti gbá mọ́, kò sì ní nǹkan láti pàdánù. Tatum wò ó.

"Tatum ò sùn dáadáa láti ìgbà yẹn," ni Greer wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ tó ń sọ yìí."

Agbẹjọ́rò pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní ẹnikẹ́ni lè sọ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ kùnà, iye tó wà nínú ẹ̀rọ làwọn mọ̀. Ó ní kí Tatum lọ rí ẹni tó máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ bí ọkàn wọn bá dàrú, ó sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ fún un. Kóòṣì Rudd bá a dé ẹnu ọ̀nà. Ó dà bíi pé ó fẹ́ sọ nǹkan. Ohun tó sọ ni pé kó máa wakọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ó wakọ̀ padà lọ sí oko náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an. Ìyáàfin Novotny wà lórí katakata lọ́nà jíjìn. Ó rí ọkọ̀ Tatum, kò sì sọ̀kalẹ̀. Willa ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ àti agbada ọ̀dùnkún. Tatum jókòó sórí àtẹ̀gùn nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mo sọ fún wọn," ló wí. "Mo ní èmi ni mo kọ́ ẹ kó o kùnà. Wọn ò gbà mí gbọ́. Wọ́n ní bó o ṣe wà nìyẹn."

Willa yí ọ̀dùnkún kan lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n bá gé gbọ́dọ̀ ní ojú, kó lè hù. Ó yí i, ó wá ojú rẹ̀, ó gé e, ó jù ú sínú agbada. Nínú agbada náà, ọ̀pọ̀ ni kò lójú.

"Nǹkan pọ̀ tí mi ò rántí," ni Willa wí. "Ṣùgbọ́n mo rántí ọjọ́ yẹn. Mo ní mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbàgbé nǹkan. Ìwọ àti Greer rẹ́rìn-ín. O ní ó máa mọ́ mi lára."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ni Tatum wí.

"Ó ti mọ́ mi lára," ni Willa wí. Kò bínú. Ó mú ọ̀dùnkún mìíràn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojú rẹ̀.